Mo Sọ Orin Ẹkún Àǹtí Ocie Di Orin Ijó

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, bí ẹ bá pàdé mi lójú ọ̀nà, ẹ ó ní èèyàn jẹ́jẹ́ ni mí. Mo máa ń kí àgbà, mo máa ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo ti ja obìnrin kan lólè, ohun tí mo sì jí lọ́wọ́ rẹ̀ kì í ṣe ohun tí ọlọ́pàá lè bá èèyàn wá.

Arvella Stidham ni orúkọ mi. Òkè Kentucky ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo ṣì wà. Bánjò, ohun èlò orin olókùn, ni mò ń ta. Láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń fi èékánná irin mẹ́ta bọ ìka, tí mò ń ta búlúgráàsì, orin tó máa ń sáré bí omi tó já láti orí àpáta. Ní gbogbo agbègbè wa, kò sí obìnrin tó mọ̀ ọ́n ta tó mi. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo sì fẹ́ kí ayé náà mọ̀.

Àǹtí Ocie Napier ń gbé ní òdìkejì odò sí ilé wa. Kì í ṣe ẹbí mi, àmọ́ gbogbo àfonífojì wa ló ń pè é ní àǹtí. Kòtò èédú ti pa ọkọ rẹ̀ tipẹ́. Dorsey, ọmọ kan ṣoṣo tó kù ú kù, ń wa tírélà ní Ohio. Àǹtí Ocie náà ń ta bánjò, ṣùgbọ́n ti ayé àtijọ́ ni tirẹ̀. Kì í lo irin. Èékánná ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń gbá okùn náà wálẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń fọwọ́ lu ẹ̀yìn ọmọ kó lè sùn.

Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, oyún oṣù márùn-ún wálẹ̀ lára mi.

Wendell ọkọ mi kàn ń la igi lẹ́yìn ilé láti àárọ̀ dọ̀sán, igi tí a kò nílò. Àwọn obìnrin ìjọ gbé oúnjẹ wá, wọ́n ní Olúwa yóò fi òmíràn rọ́pò. Àǹtí Ocie ní tirẹ̀ mú mi lọ́wọ́ lọ sí ilé ìdáná rẹ̀, ó bu kọfí fún mi, ó sì gbé bánjò rẹ̀ kúrò lára ògiri.

Mi ò tíì gbọ́ irú orin bẹ́ẹ̀ rí. Ó dà bíi pé ẹnì kan ń bọ̀ lókèèrè, kò dé, ó tún padà.

"Orin wo nìyí, Àǹtí?"

"Lettie Ruth ni."

"Ta ni Lettie Ruth?"

"Ọmọ mi obìnrin. Oṣù mẹ́jọ ló lò. Ikọ́ ló mú un. Yìnyín ti dí ọ̀nà, dókítà ò ríbi gbà dé ọ̀dọ̀ wa." Ó fi ìka pa okùn lẹ́nu mọ́. "Mi ò rí omijé sun nígbà yẹn, Arvella. Kò jáde. Èyí ló jáde."

Ọjọ́ mẹ́rin ló fi kọ́ mi. Nígbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, ó wo ojú mi.

"Mo fún ọ ni. Bí ó bá wúwo lọ́kàn rẹ, ta á. Àmọ́ má jẹ́ kó jáde nínú ilé o. Kì í ṣe ti ijó. Kì í ṣe ti gbogbo èèyàn. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, mà."

Mo gbọ́ ọ dáadáa. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe bá mi wá àwáwí.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Langdon Pruitt wá sí òkè wa. Ó ní ilé iṣẹ́ kékeré kan tó ń ṣe àwo orin. Ó ní òun fẹ́ kí n ṣe odindi àwo kan: bánjò níwájú, gòjé àti gìtá lẹ́yìn, kò sí ẹni tí yóò la ẹnu kọrin. Orin méjìlá. Gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ orin àtijọ́ tí kò ní olóhun, tí àwọn baba ńlá wa ń ta kí iná mànàmáná tó dé òkè.

Ilé ẹ̀kọ́ àtijọ́ kan tó ti ṣófo ni a ti gbà á sílẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta, a ti ṣe mọ́kànlá. Èkejìlá ló wá di wàhálà.

Langdon bọ́ ẹ̀rọ tó fi ń gbọ́ orin kúrò létí. Ó ní, "Arvella, orin tí o mú ṣe èkejìlá yìí ti sú ayé. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ra bánjò, òun ló ń kọ́kọ́ kọ́. Ṣé o ò ní nǹkan míì? Nǹkan tí etí ò tíì gbọ́?"

"Mi ò ní."

Òótọ́ ni mo rò pé mo sọ. Mo wá ń tún okùn ṣe, ọwọ́ mi sì kàn lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Bóyá ìró mẹ́fà péré.

"Dúró! Kí nìyẹn?"

"Kò sí nǹkan kan."

"Nǹkan wà ńbẹ̀. Tún un ta."

Mo mọ̀ pé bí mo bá ta á jẹ́jẹ́, bí wọ́n ṣe kọ́ mi, màá sunkún lójú wọn. Ni mo bá sáré ta á. Mo fi irin sí i, mo sọ eré rẹ̀ di ìlọ́po méjì. Buell tó ń ta gòjé fò dìde, ó ń fi bàtà lu ilẹ̀.

"Yéè! Ẹsẹ̀ mi ò gbélẹ̀ mọ́! Obìnrin yìí, ibo lo kó èyí pamọ́ sí láti ọjọ́ yìí?"

Ojú Langdon ń dán. Ó ti mú bírò. "Ta ló ṣe é? Mo gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ó bá ní ẹni tó ṣe é, a máa ní láti lọ bi í, kò sì ní lè wọ inú èyí mọ́. Orin àtijọ́ nìkan la fẹ́."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ibẹ̀ gan-an ni. Orúkọ obìnrin náà kò ju kí n la ẹnu lọ. Ilé rẹ̀ kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ nínú ọkọ̀. Mo lè ní kí wọ́n dúró, kí n lọ béèrè. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí yóò sọ, ẹni tó bá sì ti mọ̀ pé wọn ò ní fún òun kì í tọrọ.

Mo wo bírò yẹn.

"Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n," mo ní. "Orin àtijọ́ ni."

"Orúkọ rẹ̀ ńkọ́?"

Buell ló dáhùn. "Ẹ pè é ní Adìyẹ Lórí Òrùlé! Ẹ ò gbọ́ bó ṣe ń ta pàrà?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìgbà mẹ́tàlélógún la tún un ṣe lọ́jọ́ yẹn, títí kò fi ní àbùkù kankan.

Àwo náà jáde nínú kásẹ́ẹ̀tì. Èwo ni ẹ rò pé ayé yàn nínú méjìlá? Adìyẹ ni. Rédíò ń gbé e láràárọ̀. Wọ́n ń ta á níbi ijó, níbi ìdíje, ní gbọ̀ngàn àwọn panápaná. Obìnrin kan ní ilé iṣẹ́ rédíò bi mí bí gbogbo ayé ṣe ń gbọ́: "Níbo lẹ ti rí orin dídùn yìí?"

Èmi náà kò mọ bí ó ṣe jáde lẹ́nu mi. Mo ní, "Lọ́wọ́ bàbá bàbá mi ni, Harmon. Alẹ́ Sátidé ló máa ń ta á fún ijó."

Irọ́ kan kì í dá gbé. Nígbà tí wọ́n máa tẹ kásẹ́ẹ̀tì náà lẹ́ẹ̀kejì, Langdon ti kọ ọ̀rọ̀ Harmon sí ara páálí rẹ̀.

Wendell kà á nídìí tábìlì, ó sì gbé e kalẹ̀.

"Harmon? Ìgbà wo ni Harmon fọwọ́ kan bánjò?"

"Wendell, jọ̀ọ́, jẹ́ n sinmi."

"Mò ń béèrè ni o. Mo ti gbọ́ orin yìí rí láti inú yàrá wa. Jẹ́jẹ́ lò ń ta á, o sì ń sunkún. Mi ò mọ̀ pé adìyẹ lò ń sunkún fún."

Mo mú kásẹ́ẹ̀tì náà kúrò lórí tábìlì, mo sì jáde.

Àǹtí Ocie kì í gbọ́ rédíò àyàfi ìwàásù Sọ́ńdè. Ṣùgbọ́n ó gbọ́ pé mo ti ṣe àwo, inú rẹ̀ dùn bíi pé ọmọ rẹ̀ ni.

"Tèmi dà? Dorsey ra ẹ̀rọ kan fún mi tí mi ò tíì tẹ̀ rí. Tìrẹ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ fi sí i."

"Ó ti tán, Àǹtí. Wọ́n ń tẹ òmíràn bọ̀."

Páálí méjì tó kún fún kásẹ́ẹ̀tì náà wà lábẹ́ ibùsùn mi.

Dorsey ló kọ́kọ́ fura. Ó pè mí lórí fóònù láti ojú ọ̀nà kan ní Indiana. Mò ń gbọ́ bí àwọn tírélà ṣe ń kọjá.

"Arvella, orin yín kan wà lórí rédíò níbí. Ó jọ ti màmá mi."

"Àwọn orin àtijọ́ yìí jọra wọn, Dorsey."

"Rárá, ó jọ ọ́ gan-an. Àfi pé ó ń sáré."

"Bóyá nígbà tí wọ́n wà léwe, ọ̀dọ̀ Harmon ni màmá rẹ ti gbọ́ ọ."

"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀," ó ní.

Bí mo ṣe sọ obìnrin tí mo jà lólè di olè nìyẹn.

Ní òpin oṣù karùn-ún lọ́dọọdún, gbogbo wa máa ń gun òkè lọ sí ibi tí a sin àwọn èèyàn wa sí. A ó ro koríko, a ó fi òdòdó sí ibojì, a ó jẹun papọ̀ lábẹ́ igi. Àǹtí Ocie kì í bá wa gòkè. Òun a ti lọ láàárọ̀ kùtù, kí ẹnikẹ́ni tó jí, yóò sì ti padà. Kò sẹ́ni tó ń bi í ní ohun tó ń lọ ṣe. Lọ́dún yẹn, orúnkún rẹ̀ ti kọṣẹ́.

Ó ránṣẹ́ pè mí. "Wá bá mi gbé bánjò mi, ọmọ mi. Mi ò lè dá òkè yẹn gùn mọ́. Èmi àti ẹ̀yin la ó jọ lọ."

A ń gòkè díẹ̀díẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kan wà ní èjìká mi, bánjò rẹ̀ wà ní ọwọ́ mi kejì. Mo ní, tí a bá dé ibi igi yẹn, màá sọ fún un. A dé ibi igi yẹn. Mo ní, tí a bá dé ibi àpáta yẹn.

"O dákẹ́ jù lónìí. Kí ló ṣe ọ́?"

"Oòrùn ni, Àǹtí."

"Oòrùn kẹ̀? Pẹ̀lú bójú ọjọ́ ṣe ṣú yìí?"

A kọjá àpáta náà.

Àwọn èèyàn ti pé sókè. Àwọn obìnrin ti to adìyẹ díndín, ẹ̀wà àti búrẹ́dì àgbàdo sórí pákó gígùn. Àǹtí Ocie jókòó lórí àga kan nídìí ibojì Lettie Ruth, òkúta kékeré tí wọ́n gbẹ́ àwòrán ọ̀dọ́ àgùntàn sí. Ó gba bánjò lọ́wọ́ mi. Ó kọ ẹ̀yìn sí gbogbo wa, ó sì bẹ̀rẹ̀.

Mo ń gbàdúrà pé kí òjò rọ̀.

Ìṣẹ́jú kan kò tíì pé tí Twyla, ìyàwó aládùúgbò wa, fi pàtẹ́wọ́. Twyla ò ní ibi kankan nínú, ẹ̀rín ni gbogbo ayé rẹ̀.

"Háà! Ẹ wá gbọ́ o! Àǹtí Ocie ń ta orin Arvella!"

Ẹnì kan fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ tẹ̀ lé e. Àwọn ọmọbìnrin Twyla méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í jó láàárín àwọn ibojì.

"Ẹ sáré sí i díẹ̀, Àǹtí! Bó ṣe wà nínú kásẹ́ẹ̀tì!"

Ọwọ́ Àǹtí Ocie dúró.

"Orin ta lo pè é?"

"Orin Arvella ni, mà. Adìyẹ Lórí Òrùlé. Àbí wọn ò fún yín ní tiyín ni? Ó wà nínú báàgì mi." Twyla ti yọ ọ́, ó ti ń kà á sókè. "'Arvella kọ́ orin yìí lọ́wọ́ bàbá bàbá rẹ̀, Harmon, ẹni tó máa ń ta á fún ijó ní alẹ́ Sátidé.'"

"Harmon?" Àǹtí Ocie yí padà lórí àga. "Harmon tó jókòó síwájú ìjọ fún ogójì ọdún, tó ní inú bánjò ni Sátánì ń sùn? Harmon tí kò lè pàtẹ́wọ́ kó bá orin mu?"

Àwọn àgbà tó mọ Harmon bú sẹ́rìn-ín. Àmọ́ Twyla wo kásẹ́ẹ̀tì, ó wo òkúta kékeré yẹn, ó wo orúkọ tó wà lára rẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó fa àwọn ọmọ rẹ̀ mọ́ra. Ẹ̀rín yòókù kú lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àǹtí Ocie kọjú sí mi.

"Kí lo pè é?"

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́..."

"Mo ti gbọ́ ti Twyla. Mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ. Kí lo pe ọmọ mi?"

"Adìyẹ Lórí Òrùlé, mà."

Ó mi orí. Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. Ó na bánjò náà sí mi.

"Ibojì Harmon nìyẹn lẹ́bàá igi kédárì. Orin rẹ̀ ni. Lọ ta á fún un."

Mo gbà á. Mi ò mọ ìdí tí mo fi gbà á. Mo dúró síbẹ̀, gbogbo àfonífojì ń wò mí. Wendell ló wá gba bánjò náà lọ́wọ́ mi, tó dá a padà sínú àpótí rẹ̀.

Àǹtí Ocie ní, "Twyla, fún mi lọ́wọ́, kí n sọ̀kalẹ̀."

Kò fi ẹnu kan oúnjẹ kankan. Kò sì wẹ̀yìn.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ sí ilé rẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹta ni kò ṣílẹ̀kùn. Mo kọ̀wé sí Langdon, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Inú bí i, ó sọ ọ̀rọ̀ tí mi ò lè tún sọ níbí, lẹ́yìn náà ó ní òun yóò tún páálí tẹ̀, òun yóò fi orúkọ ẹni tó ni orin sí i. Mo sáré gbé lẹ́tà tó fi dá mi lóhùn lọ sọ́dọ̀ Àǹtí. Mo rò pé ìròyìn ayọ̀ ni.

Àǹtí Ocie gbọ́ mi tán láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn onínẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

"Orúkọ mi? Kí ni n ó fi orúkọ mi ṣe lára adìyẹ?"

"Kí wá lẹ fẹ́ kí n ṣe, Àǹtí?"

"Lọ kó o wálé."

"Ó ti lọ káàkiri, mà. Àwọn ẹlòmíràn náà ti ń ta á."

"Mo mọ̀. Ohun tí mo fẹ́ lo bi mí."

Ó di oṣù kẹwàá kó tó pè mí wọlé. Ó bu kọfí. Àyè bánjò lára ògiri ṣófo.

"Mo ti dárí jì ọ́," ó ní. "Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa ni lọ́jọ́ Sọ́ńdè, mi ò lè gbé ìkùnsínú lọ síbẹ̀."

"Ẹ ṣé, Àǹtí. Ẹ ṣé gan-an."

"Má tíì dúpẹ́." Ó ń yí ife rẹ̀ lórí tábìlì. "Ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yìí, ibi tí mo bá yà sí ni wọ́n ti ń ta á. Ilé epo. Ilé Twyla. Ilé dókítà. Mo ti gbé bánjò ní ẹ̀ẹ̀mẹta láti fi wá ọmọ mi. Bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, tiyín ni mò ń gbọ́. Mi ò rí i mọ́, Arvella. Ó ti sọnù mọ́ mi lọ́wọ́." Ó fa àpótí bánjò jáde láti abẹ́ àga. "Ìwọ nìkan ni mo kọ́. Ta á fún mi bí mo ṣe kọ́ ọ."

Mo gbé e lé itan. Mi ò fi irin sọ́wọ́. Mo dijú, mo bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ mi sì sáré. Ìgbà mẹ́tàlélógún lọ́jọ́ kan, pẹ̀lú gbogbo ibi ijó láti ìgbà náà: ohun tí ìka mi mọ̀ nìyẹn.

"Rárá," ó ní.

Mo tún bẹ̀rẹ̀.

"Rárá. Ìyẹn kọ́."

Mo sunkún níbẹ̀ bí ọmọdé. Kò ní kí n má sunkún.

Ẹ̀yin òǹkàwé, mo ti rò ó pé kí n má kọ èyí. Àmọ́ mo mọ̀ pé ẹnì kan wà nínú yín tí wọ́n ti fi ohun ìkọ̀kọ̀ lé lọ́wọ́, tó sì ń wò ó lónìí bíi pé kò ní olóhun. Ó ní olóhun. Ẹ dá a padà sí àyè rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó pàtẹ́wọ́ fún yín. Wọ́n lè dárí jì yín, bí wọ́n ṣe dárí jì mí. Ṣùgbọ́n àforíjì kì í lọ mú ohun tó ti fò lọ wálé.

Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni mò ń lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ báyìí. Ìró kan, a dúró. Ìró kan, a dúró. Òun a ní, "Gbà á sókè díẹ̀." Òun a ní, "Kò yá tó bẹ́ẹ̀." A rí apá kìíní kí Kérésì tó dé. Apá kejì kò tíì jẹ́ ká mú un. Nígbà míì, bí mo bá ti sún mọ́ ọn, màá rí i lójú rẹ̀, yóò gbé orí sókè bí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ, ọwọ́ mi yóò sì ṣì, yóò tún lọ.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó bá mi dé ẹnu ọ̀nà. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ó di férémù ilẹ̀kùn mú.

"Ṣé o máa wá ní Ọjọ́bọ̀?"

"Màá wá, mà."

"Máa tètè dé o. Èmi náà ò ní pẹ́ lọ bá ọmọ yẹn, mi ò sì fẹ́ lọ bá a lọ́wọ́ òfo."